Ilé Tí Wọ́n Fẹ́ Là Sí Méjì

"Ibí yìí," ni Máàkẹ́tà wí, ó sì fi ìdí bírò rẹ̀ gún ojú kọ̀ǹpútà. "Ibí yìí gan-an ni kó o ti gé e. Wò ó, bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fa ìlà síbẹ̀."

Àlùmọ́gàjí mú àkísà mímọ́ kan lórí tábìlì, ó nu ibi tí bírò náà ti kàn, ó nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu imú ọmọ ìkókó, ó sì dá àkísà náà padà síbi tó ti mú un.

Lójú kọ̀ǹpútà, obìnrin kan dúró láàárín ògiri mẹ́rin tí kò ní òrùlé. Ó gbé ojú sókè. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ bí kò ṣe sánmà, sánmà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi dà bí èèrà tó já sínú ike.

"Wákàtí méjì dín ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni Máàkẹ́tà tún wí. "Apá kìn-ín-ní parí síbẹ̀. Àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé, ṣé yóò rí òrùlé kàn àbí kò ní rí i? Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a gbé apá kejì jáde. Wọn á ti dúró dè é títí."

"Wọn á dúró," ni Àlùmọ́gàjí wí. "Mo mọ ẹnì kan tó dúró dè é títí tó fi kú."

Olùdarí fíìmù náà, obìnrin kékeré tó jókòó sórí àga ike lẹ́nu ọ̀nà, wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Àlùmọ́gàjí kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn oníkámẹ́rà bá ya àwòrán tán, tó rí wúruwùru bí aṣọ tí ewúrẹ́ jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o wá, kó gé e, kó rán an, kó di ohun tí èèyàn lè gbé síta. Máàkẹ́tà ní tirẹ̀ ló ń pín fíìmù kiri àwọn gbọ̀ngàn sinimá, ogójì gbọ̀ngàn ló sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Tó bá ti kọ ẹ̀yìn, Baba Apá-Kejì ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí fíìmù tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kì í bí ìbejì.

Fíìmù tó wà nílẹ̀ yìí, ti obìnrin kan tí onílé kó ẹrù rẹ̀ síta, tó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé oníyàrá kan, gba wákàtí mẹ́rin dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi yà á. Òṣèré náà kò ṣe bí ẹni ń kọ́lé. Ó kọ́lé ni. Òun ló gbẹ́ ìpìlẹ̀, òun ló po sìmẹ́ńtì, òun ló to búlọ́ọ̀kù títí dé orí.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Olùdarí wí fún Máàkẹ́tà, "ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọwọ́ méjèèjì yẹn síra."

Àlùmọ́gàjí tẹ nǹkan kan, ojú kọ̀ǹpútà sì pín sí méjì. Lápá òsì, ìṣẹ́jú kẹta fíìmù náà: obìnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún di férémù ilẹ̀kùn onílé mú, wọ́n ń tì í síta. Ọwọ́ náà ń dán, èékánná rẹ̀ gún régé. Lápá ọ̀tún, ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn: obìnrin náà fi ọwọ́ ọ̀tún kan náà di férémù ilẹ̀kùn tirẹ̀ mú, ìka ní ibi tí ìka wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti di nǹkan mìíràn. Ó ti yi, ó ti sán, èékánná àtàǹpàkò ti lọ, àpá funfun kan sì là á já láti ìka ìfábẹ̀lá dé ọrùn ọwọ́.

"Kò sí ẹni tó kùn ún," ni Olùdarí wí. "Ọwọ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá rí ti àkọ́kọ́ lọ́sàn-án, tó sì rí ti ìkẹyìn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, yóò mọ ohun tí ilé jẹ́. Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọwọ́ lásán ló rí."

Máàkẹ́tà wo ọwọ́ méjèèjì pẹ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò wò ó. Ó sì mí kanlẹ̀.

"Ọmọ mi, ó dára. N ò ní kò dára. Ṣùgbọ́n ìdí èèyàn kì í ṣe irin. Àwọn èèyàn ní ọmọ nílé, wọ́n ní ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ ilé. Bí oúnjẹ bá pọ̀, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà la máa ń kó o sẹ́nu?"

"Ta ló ń sọ ti oúnjẹ?" ni Àlùmọ́gàjí wí. "Ọmọ la fẹ́ bí. Ẹ sọ fún mi, ta ló ń bí ọmọ dé ọrùn, tó ní kí ìyókù lọ dúró di oṣù mẹ́ta?"

Ẹ̀rín pa Olùdarí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Máàkẹ́tà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ipò rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ọjọ́ Sátidé, lọ́sàn-án gangan, gbọ̀ngàn oníjókòó igba. Ẹ kó ẹni tó bá wù yín wá, a ò ní sọ fún wọn bó ṣe gùn tó. Bí èèyàn tó ju mẹ́wàá bá dìde jáde kó tó tán, a óò là á. Ìwọ Àlùmọ́gàjí ni wàá sì fi ọwọ́ ara rẹ là á, n ò ní gbé e fún ẹlòmíì."

Ẹni tó gbọ́n ì bá gbà bẹ́ẹ̀, kó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Àlùmọ́gàjí kì í gba nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí.

"Ẹ má fi sí mẹ́wàá," ni ó wí. "Ẹ fi sí márùn-ún."

"Bọ̀dá!" ni Olùdarí kígbe. "Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ìsinmi díẹ̀ láàárín…"

"Ìsinmi wo? Ẹni tó wọ aṣọ jáde, ṣé ó máa ń bọ́ ọ lójú ọ̀nà kó tó máa lọ? Márùn-ún ni mo wí, kò sì sí ìsinmi."

Máàkẹ́tà na ọwọ́. Àlùmọ́gàjí gbọ̀n ọn lẹ́ẹ̀kan, ó sì ṣe bí ẹni fẹ́ mú àkísà rẹ̀.

* * *

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, bàbá Àlùmọ́gàjí, tó jẹ́ aránṣọ, kópa nínú fíìmù kan. Aránṣọ náà ni wọ́n fi ṣe nínú rẹ̀. Ní apá kìn-ín-ní, ó kàn gba ẹnu ọ̀nà kọjá ni, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ní, "Mò ń bọ̀ wá bá yín." Apá kejì ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an wà: níbẹ̀ ló ti dúró níwájú adájọ́, tó sọ òtítọ́ tó tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fó. Wọ́n ti yà á tán. Bàbá náà ti fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Máàkẹ́tà yìí gbé apá kìn-ín-ní jáde. Apá kejì, a kò rí i di òní. Àwọn èèyàn sọ bàbá di ẹni yẹ̀yẹ́. Bó bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Baba, ẹ ṣì ń bọ̀ wá bá wa ni?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Mò ń bọ̀." Ọdún mẹ́rin ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún karùn-ún wọ́n gbé e lọ sin. Lẹ́yìn ìsìnkú náà ni ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ olóòtú fíìmù. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnì kankan.

Ní alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin, ó ń fi òróró ra orúnkún rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ń tan fíìmù lọ́la," ni ìyá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ṣùgbọ́n ó gùn. Ẹ̀yin ẹ dúró sílé."

"Ṣé ó parí?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní, ṣé fíìmù náà parí? Àbí wọ́n á ní ká lọ dúró?"

"Ó parí, Màámi."

"Lójúkan náà?"

"Lójúkan náà."

"Èmi á wá," ni ìyá wí, ó sì dé ìgò òróró náà.

* * *

Igba èèyàn ló kún gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kejì. Olùdarí ti pín ìwé pélébé kiri fún ẹni tó bá rí: àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, awakọ̀, olùkọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tọkọtaya arúgbó kan tó rò pé ìpàdé ẹ̀kọ́ ìlera ni. Ìyá Àlùmọ́gàjí jókòó ní ìlà iwájú. Máàkẹ́tà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bírò àti bébà, bí ọlọ́pàá tó ń retí olè.

Àlùmọ́gàjí gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí abẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí, ó kọ ẹ̀yìn sí fíìmù, ó kọ ojú sí àwọn èèyàn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́, kò bá àwọn òǹwòran wo fíìmù rí. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. Inú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Bí oníbàárà bá wọ aṣọ tuntun wò, bàbá rẹ̀ kì í wo aṣọ, kì í wo ojú. Á tẹ orí ba, á máa wo ẹsẹ̀. Ọmọ náà sì ti rò ó láti kékeré pé ọgbọ́n ńlá nìyẹn: ẹnu lè sọ pé aṣọ bá òun mu, ẹsẹ̀ kì í purọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń gbọ̀n, fíìmù ń fà. Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá yà sí ọ̀nà ìta, ó ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá bọ́ bàtà láìmọ̀ pé òun bọ́ ọ, ẹni yẹn ti wọlé, kò sí ohun tó lè mú un jáde.

Iná kú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí kìn-ín-ní kò tíì pé tí awakọ̀ kan ti fi àtàǹpàkò ti sálúbàtà rẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì bọ́ tirẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ó dà bí òjò tó ń kán síbí, tó ń kán sọ́hùn-ún: bàtà kan, bàtà méjì, ìlà kan odidi. Arúgbó ọkùnrin tó wá fún ẹ̀kọ́ ìlera ti fi ẹsẹ̀ lásán lé ilẹ̀ tútù, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò nígbàkígbà tí obìnrin inú fíìmù bá gbé búlọ́ọ̀kù, bí ẹni pé òun ló ń bá a gbé e. Àlùmọ́gàjí kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà náà ni ibi tí sánmà wà dé. Kò rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló rí. Ó ṣàdédé bọ́ sórí gbogbo gbọ̀ngàn náà bí ẹni ṣí òrùlé kúrò. Ojú igba èèyàn hàn kedere lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn gbé orí sókè bí obìnrin náà ṣe gbé orí sókè, ẹnu wọn là díẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti na ọwọ́ síwájú láìmọ̀, bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan tó jìn. Àlùmọ́gàjí gbàgbé ẹsẹ̀. Ó ń wo ojú wọn, ó ń wò ó. Ẹ̀rù kan tí kì í ṣe ẹ̀rù ibi mú un. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, ta ni èmi tí wọ́n ní kí n wá fi abẹ gba àárín irú èyí?

Bó ṣe ń rò ó bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan dìde ní ìlà iwájú.

Ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá náà di orúnkún mú, ó ń tiro lọ sí ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níwájú gbogbo èèyàn. Ilẹ̀kùn ṣí, ó jáde. Àfi bí ẹni já okùn. Olùkọ́ kan dìde. Nọ́ọ̀sì méjì tẹ̀lé e. Awakọ̀ bẹ́ ìlà ìjókòó kọjá, ó ń sáré. Ẹni kẹfà, ẹni keje, ẹni kẹwàá. Ní ẹnu ọ̀nà, Máàkẹ́tà ń fa ìlà sórí bébà rẹ̀. Nígbà tí ó dáwọ́ dúró, ó gbé ìka mẹ́wàá sókè fún Àlùmọ́gàjí, ó sì tún gbé méje kún un.

Mẹ́tàdínlógún. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ márùn-ún.

Ó dìde lórí àpótí, ó tẹ̀ba gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde. Ohun tó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú kó dúró. Kò sí ẹni tó ń lọ ilé. Gbogbo mẹ́tàdínlógún tò sẹ́nu ilé ìtọ̀, ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn lásán, wọ́n ń jó láìsí ìlù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú! Igi òrùlé ni mo gbọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀ yẹn!" ni awakọ̀ ń kígbe.

"Ìwọ náà rọra, ṣé bó o ṣe ń pariwo lójú títì nìyí? Ẹ jẹ́ kí Màmá kọ́kọ́ wọlé," ni olùkọ́ náà wí.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ jáde, Àlùmọ́gàjí mú un lápá.

"Màámi, ẹ ti ba tèmi jẹ́."

"Kí ni mo bà jẹ́? Ìtọ̀ ni mo tọ̀. Ṣé fíìmù tìẹ kò mọ̀ pé èèyàn ń tọ̀ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dìde. Ìgbà tẹ́ ẹ dìde làwọn tó kù rí àyè dìde."

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún itan mọ́ra. Mo ti ṣe wọ́n lóore." Ìyá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró. "Fi ìyẹn sílẹ̀. Kí ló ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde? Ṣé ó ti rí igi?"

"N ò mọ̀. N kì í wo fíìmù. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni mò ń wò."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Bàbá mi ló kọ́ mi. Bí oníbàárà bá ń wọ aṣọ wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá máa ń wò."

Ìyá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni fẹ́ bínú, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín tó fi di ògiri mú.

"Ọkọ mi ò! Ojú ló ń ti bàbá rẹ! Kò lè wo èèyàn lójú tí wọ́n bá ń wọ aṣọ tó rán, àyà rẹ̀ á máa já pé kò ní wù wọ́n. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣe fíìmù tiẹ̀ yẹn tán, mo bi í pé báwo lo ṣe wo adájọ́ lójú? Ó ní òun wò ó. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan yẹn, òun wò ó." Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. "Ìyẹn ni mo dúró láti rí. Ká padà wọlé."

* * *

Mẹ́tàdínlógún wọlé padà. Wọ́n ń tẹ̀ba bọ̀ bí ẹni ń wọ ilé ẹlòmíì, àwọn tó jókòó sì ń sún fún wọn, wọ́n ń sọ ohun tó ti kọjá fún wọn ní etí: "Àwọn káfíńtà ò gbà… ó ní òun á kàn án fúnra òun… dákẹ́, ẹ wò ó, ẹ wò ó."

Orúnkún ìyá kò jẹ́ kó lè jókòó mọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú, Àlùmọ́gàjí sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti gbé e ró. Bí ó ṣe di pé ó kọ ojú sí fíìmù nìyẹn. Kò sí ibòmíràn tó lè kọ ojú sí.

Ó mọ gbogbo rẹ̀. Ó tó igba ìgbà tó ti wò ó nínú yàrá rẹ̀, ó mọ ibi tí gbogbo ojú rírán wà. Ṣùgbọ́n kò mọ èyí. Kò mọ̀ pé páànù àkọ́kọ́ tí obìnrin náà gbé gùn àkàbà yóò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé bí ó bá ń kan ìṣó, gbogbo gbọ̀ngàn yóò máa mí pẹ̀lú òòlù: gbé sókè, mí sínú, sọ̀ kalẹ̀, mí síta. Sánmà tó fẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń dínkù lórí obìnrin náà, páànù kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, títí ìlà náà fi pa dé. Ẹnì kan nínú òkùnkùn ní, "Há!" bí ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó yí ilé náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú, ìka ní ibi tí ìka wà ní ìṣẹ́jú kẹta.

Igba èèyàn fa èémí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àlùmọ́gàjí gbọ́ ọ bí atẹ́gùn ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n rántí ọwọ́ náà. Wọ́n rántí rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán wọn létí. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tó ti yi, tó ti sán, kò sì lè wo ohun mìíràn mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Iná tàn. Kò sẹ́ni tó dìde. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú, ó pẹ́ kí wọ́n tó rántí pé wọ́n ní ọwọ́. Wọ́n wá ń wá bàtà wọn lábẹ́ àga.

* * *

"Mẹ́tàdínlógún," ni Máàkẹ́tà wí nígbà tí gbọ̀ngàn ti ṣófo.

"Mo mọ̀," ni Àlùmọ́gàjí wí. "Mo ní márùn-ún. Ọ̀rọ̀ mi ni. N óò là á."

"Bọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni Olùdarí wí, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

Máàkẹ́tà yí bébà náà padà. Ìlà wà lẹ́yìn rẹ̀ náà. "Mo ka àwọn tó wọlé padà. Mọ́kàndínlógún ni."

"Mọ́kàndínlógún báwo? Mẹ́tàdínlógún ló jáde."

"Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì tẹ̀lé wọn wọlé. Wọ́n fẹ́ wo ohun tó mú kí àgbàlagbà máa sáré jáde lọ sí ilé ìtọ̀ láìwọ bàtà." Ó ká bébà náà. "Ọdún márùndínlógójì ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. N ò rí i kí wọ́n jáde mẹ́tàdínlógún, kí wọ́n wọlé mọ́kàndínlógún rí."

Ìyá ti ń wo Máàkẹ́tà láti ìgbà tí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni," ni ìyá wí. "Ìwọ lo kó apá kejì ọkọ mi lọ. Aránṣọ. Níbo lo gbé e sí?"

Ọkùnrin tó ní ogójì gbọ̀ngàn wo ilẹ̀. Àlùmọ́gàjí rí i pé ẹsẹ̀ ìyá òun ni ó ń wò.

"Màmá, kò sí mọ́. Apá kìn-ín-ní kò tà. Téèpù sì wọ́n nígbà náà. A… a ya nǹkan míì lé e lórí."

"Kí lẹ yà lé e?"

"Ìpolówó ọṣẹ, Màmá."

Ìyá náà mi orí rẹ̀. "Ọṣẹ," ni ó wí. "Ẹ fi ọṣẹ fọ ọkọ mi dànù."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Mo ti gbọ́," ni ìyá wí.

Àlùmọ́gàjí ní tirẹ̀ kò dárí jì í. Mo fẹ́ kó yé yín: kò dárí jì í lọ́jọ́ náà, kò sì tíì dárí jì í títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn nǹkan kan wà tí èèyàn ń gbé wọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fa ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń wo orúnkún tó ti wú náà, ó sì ń ronú.

Lọ́jọ́ Ajé, ó tilẹ̀kùn mọ́ra. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ó ránṣẹ́ pe Máàkẹ́tà àti Olùdarí.

"Mo ti gé e," ni ó wí. "Ibi tẹ́ ẹ fi bírò gún náà ni mo ti gé e."

Olùdarí fi ọwọ́ di ojú. Àlùmọ́gàjí tẹ kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà dúró láàárín ògiri mẹ́rin, ó gbé ojú sókè, sánmà dé. Ṣùgbọ́n sánmà náà kò lọ. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ìkùukùu kan ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò yára. Ẹyẹ kan kọjá. Kò sí ohùn kankan bí kò ṣe atẹ́gùn.

"Èyí tẹ́ ẹ yà lódidi lọ́jọ́ náà ni," ni ó wí fún Olùdarí. "Mo ti gé e kúrò tẹ́lẹ̀. Mo ti dá a padà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, kí wọ́n tan iná ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó nà án. Nígbà tí wọ́n bá padà, sánmà ṣì wà níbẹ̀, obìnrin náà kò tíì rí òrùlé, a jọ ń bá a lọ."

Máàkẹ́tà ṣírò rẹ̀ lórí ìka. "Dúró ná. Wákàtí mẹ́rin dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló jẹ́. Ó ti wá di wákàtí mẹ́rin gbáko! Mo ní kó o gé e, o tún fi kún un!"

"Ẹ ò sọ iye tí mo gbọ́dọ̀ gé."

Máàkẹ́tà wo ojú rẹ̀, ó wo sánmà tó wà lójú kọ̀ǹpútà. Ìkùukùu náà kò tíì débi kankan. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó sì wò ó títí tó fi kọjá.

"N óò gbé e síta bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Odidi."

* * *

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tan fíìmù náà fún gbogbo èèyàn, Àlùmọ́gàjí gbé àpótí rẹ̀ wá bí ìṣe rẹ̀. Ó gbé e dé abẹ́ aṣọ funfun, ó dúró, ó tún gbé e padà wá sẹ́nu ọ̀nà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ó kọ ojú síbi tí gbogbo èèyàn kọ ojú sí.

Sánmà dé. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá jáde, ó sì padà wá, ó ní, "Ṣé ẹyẹ yẹn ti kọjá?"

"Ó ti kọjá, Màámi."

"Òmíràn á wá," ni ìyá wí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ojú sókè.

Àlùmọ́gàjí kò rántí wo ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí iná tàn, tí wọ́n ń tú jáde, tó fẹ́ dìde láti fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ni ilẹ̀ tútù kọ́kọ́ kàn án. Ó wo ìsàlẹ̀. Bàtà rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ àpótí, kò sì mọ ìgbà tó bọ́ wọn.